Ọ̀rọ̀ Nípa “Fraud”: Bí Orúkọ Ẹ̀ṣẹ̀ Kan ti Wọ Èkó, àti Ohun tí A Sọ Ọ́ Dà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà láti ra nǹkan, ni ó ti pàdé rẹ̀ rí, tàbí kí ó ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹnì kan ra aṣọ yáàdì mẹ́fà; nígbà tí ó délé tí ó wọ̀n ọ́n, kò ju márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Ẹlòmíràn san owó ẹ̀rọ tuntun; nígbà tí ó tú àpótí rẹ̀ nílé, òkúta àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ó bá níbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà wá fi ọ̀ràn rẹ̀ lọ àwọn ènìyàn, ẹ gbọ́ bí wọn ti í dá a lóhùn. Wọn a rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, “Wọ́n ti ṣe é ní gbájú-ẹ̀.” Wọn a sì fi orúkọ ẹ̀sín kún un fún un, wọn a pè é ní mùgù.

A ti ronú sí ẹ̀rín yìí, ó sì ń bà wá lẹ́rù ju olè náà gan-an lọ. Bí iná bá jó ilé ọmọnìkejì wa, a kì í rẹ́rìn-ín. Bí fọ́léfọ́lé bá wọlé tì í lóru, a kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí a fi irọ́ gba ohun ìní rẹ̀ nìkan ni ìlú ń fi rẹ́rìn-ín? Ìdáhùn wa ni pé orúkọ tí a fi ń pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ti yí padà lẹ́nu wa. Bí orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ bá sì ti fúyẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà pẹ̀lú a fúyẹ́ lójú ẹni tí ń pè é. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tọ ipa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, èyí tí í ṣe “fraud”, láti ibi tí ó ti wá títí dé Ìdúmọ̀tà, kí a lè mọ ohun tí ó bá wa mú wá, àti ohun tí a ti pàdánù.

I. Orúkọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀

Kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé etí ọ̀sà wa, àwọn baba wa kò ṣe aláìní orúkọ fún ìwà yìí. Wọ́n ní ẹ̀tàn, wọ́n ní èké, wọ́n ní àrékérekè, wọ́n sì ní àgálámàṣà. Ẹni tí kò bá ṣe òtítọ́ nídìí ayò, èrú ni wọ́n ní ó ṣe. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti gba wàyó. Lẹ́nu tiwọn, ọgbọ́n àti làákàyè ni ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọjà wa, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ó dà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jùlọ: tàn jẹ, rẹ́ jẹ, àti yàn jẹ. Ẹ wò ó bí “jẹ” ti wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó ń tan ọmọnìkejì rẹ̀ kò kàn ń pa irọ́ lásán. Ó ń jẹ ẹ́. A kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ náà tán láìdárúkọ ẹni tí a jẹ: a tan àlejò jẹ, a rẹ́ opó jẹ, a yan alágbàṣe jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jìbìtì, èyí tí a fi ń túmọ̀ “fraud” lónìí nínú ìwé ìròyìn àti ní ilé ẹjọ́. Lílù ni a ń lu ènìyàn ní jìbìtì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lu ènìyàn ní ọ̀pá. Nínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹni tí a ṣẹ̀ kò sọnù. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀, olùgbọ́ sì ń rí i.

II. Ohun tí “fraud” jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín

Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti wá, ó sì gba ọ̀nà èdè Faransé dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́nu wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Lọ́nà kìn-ín-ní, ìwà ni: fífi irọ́ gba ohun tí kì í ṣe tẹni. Lọ́nà kejì, ó lè jẹ́ ènìyàn fúnra rẹ̀. Oníṣègùn tí kò kọ́ṣẹ́, tàbí wòlíì tí a kò rán níṣẹ́, wọn a máa wí pé “fraud” ni ọkùnrin náà, bí ẹni pé irọ́ rẹ̀ ti di ẹran ara fún un. Lọ́nà kẹta, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fi odi yí i ká gidigidi.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò kò jẹ́ gbàgbé. Ilé iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ máa fi ọkọ̀ ojú irin kó èrò ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé síta pé òun ní ẹ̀tọ́ láti lo agbára ooru omi dípò ẹṣin. Àwọn ènìyàn fi owó wọn sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ kọ̀ láti fọwọ́ sí i fún ilé iṣẹ́ náà, ó sì tú ká. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi owó sílẹ̀ pe àwọn olùdarí rẹ̀ lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù ní 1889. Derry àti Peek ni a fi ń dárúkọ ẹjọ́ náà. Ìdájọ́ wọn ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ òtítọ́ ni “fraud”. Ó di ìgbà tí ẹni tí ó sọ ọ́ bá mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí tí òun tìkára rẹ̀ kò gbà á gbọ́, tàbí tí kò tilẹ̀ bìkítà bóyá irọ́ ni tàbí òtítọ́. Àwọn olùdarí wọ̀nyí gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Nítorí náà, a dá wọn láre. Ọkàn ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń wá kí ó tó pe ènìyàn ní oníjìbìtì, a kò sì lè bá a wí lórí èyí.

Òfin mìíràn tún wà tí ó ti pẹ́ ju èyí lọ. Ní 1677, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tí a fi “fraud” sọ lórúkọ, pé kò sí àdéhùn lórí ilẹ̀ tí a lè mú wá sí ilé ẹjọ́ àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí a sì fọwọ́ sí i, kí àwọn ẹlẹ́rìí èké má baà gba ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó, òfin yìí bá a wọlé. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ojú ẹlẹ́rìí ni a fi ń ta ilẹ̀, a sì ń mú ẹni tí ó rà á dé orí rẹ̀. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà láìsí àlàyé, ẹni tí ó ti gba owó ní gbangba lè dìde lọ́la kí ó ní, “Níbo ni ìwé wà?” Òfin tí a ṣe láti dènà jìbìtì ìbá sì di ẹṣin fún oníjìbìtì. Àwọn adájọ́ rí èyí. Wọ́n fi lélẹ̀ pé òfin tí a ṣe nítorí “fraud” kò gbọdọ̀ di ohun èlò “fraud”, àti pé títà ilẹ̀ ní ọ̀nà àṣà ìbílẹ̀, ní ojú ẹlẹ́rìí, kò nílò ìwé kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: ìwé kì í sọ ènìyàn di olóòótọ́.

III. Ọba tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé àti ilẹ̀, a kò lè kọjá lára ìtàn kan tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Òpópónà kan wà ní Ìdúmọ̀tà tí a ń pè ní Dòsùnmú. Àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ a máa kọ orúkọ náà ní Docemo. Ọba Dòsùnmú gorí oyè ní 1853. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ó fi àmì ọwọ́ rẹ̀ sí ìwé àdéhùn kan tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí a wí pé ó fi èbúté àti erékùṣù Èkó lé Ọbabìnrin Victoria àti àwọn àrólé rẹ̀ lọ́wọ́ títí láé. McCoskry, adelé kọ́ńsù, àti Bedingfield, olórí ọkọ̀ ogun Prometheus, ni ó ṣojú fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun náà wà lórí ọ̀sà pẹ̀lú àwọn ìbọn ńlá rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọba àti àwọn ìjòyè fi ẹ̀hónú hàn. Ní 1862, a fi owó ìfẹ̀yìntì kún àdéhùn náà fún un, àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún.

Ǹjẹ́ a lu Dòsùnmú ní jìbìtì bí? Bí a bá tẹ̀lé òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn kì í ṣe irọ́; ìfipá mú ni ìfipá ń jẹ́, orúkọ mìíràn ni ó ní. Ọba náà mọ̀ dájú pé ìbọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí ìhà méjèèjì kò gbọ́ bákan náà, èyíinì ni fífi ilẹ̀ lé ni lọ́wọ́. Lójú àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Èkó ti di ti adé. Lójú àwọn ìjòyè onífìlà funfun, ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, ọba pàápàá kò sì ní in lọ́wọ́ débi tí yóò fi fún ẹlòmíràn.

Ọgọ́ta ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà lórí ahọ́n. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, kọ̀ láti gbà pé owó ìlò lásán ni ó tọ́ sí òun àti àwọn ènìyàn òun. Ẹjọ́ náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ sí ibẹ̀ ní 1920. Ní 1921, Lọ́ọ̀dù Haldane ka ìdájọ́ náà pé àdéhùn 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. Láti inú èyí a rí i kọ́ pé kì í ṣe irọ́ nìkan ni a fi í tan ènìyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò lóye, tí a sì jẹ́ kí ó fọwọ́ sí, lè ṣe iṣẹ́ kan náà, bí kò tilẹ̀ sí òfin tí yóò pè é ní orúkọ yẹn.

IV. Abala 419

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ìwé òfin tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ará ọjà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa jọ sí ojú kan, wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Sir Samuel Griffith ti kọ irú rẹ̀ fún Queensland ní ilẹ̀ Australia, a sì ti sọ ọ́ di òfin ní 1899. Èyí ni a tẹ̀lé fún Àríwá Nàìjíríà ní 1904, a sì nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Abala 418 inú rẹ̀ sọ ohun tí ẹ̀tàn jẹ́ lójú òfin: kí a fi ọ̀rọ̀, ìwé tàbí ìṣe fi ohun kan hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ohun àná tàbí ti òní, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí ẹni náà sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò gbà á gbọ́. Abala 419 wá sọ pé ẹni tí ó bá ti ipa irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ gba ohun ọlọ́hun, pẹ̀lú èrò láti lu jìbìtì, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Kò pẹ́ tí abala náà fi rí iṣẹ́ ṣe. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ P. Crentsil, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ìjọba ní Èkó, kọ lẹ́tà ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 1920 sí ẹnì kan ní Gold Coast, ilẹ̀ tí í ṣe Ghana lónìí. Ó ka àwọn agbára ìyanu tí òun ní sínú rẹ̀, èyí tí òun lè lò fún ẹni náà bí ó bá san owó; ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ìyanu ni ó sì pe ara rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1921, àwọn ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn mẹ́ta kàn án, abala 419 sì wà lára wọn. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí pé a kò rí ẹ̀rí mìíràn tí ó ti ẹ̀sùn náà lẹ́yìn.

V. Bí iye ṣe di orúkọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 419 kò ju iye kan lọ nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iyì nù, lẹ́tà púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀ wa jáde lọ sí òkè òkun, pé ẹni ńlá kan ní owó púpọ̀ tí ó fara sin, pé kí ẹni tí ń ka lẹ́tà náà fi díẹ̀ ránṣẹ́ ná kí ó lè pín nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ wa ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń kiri ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nípa ẹlẹ́wọ̀n ọlọ́rọ̀ kan ní ilẹ̀ Sípéènì. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó gbé e ká ayé ní àkókò tiwa ni orúkọ tí a fún un láti inú abala yẹn. Ìgboro gba iye náà, wọ́n sì ń pe ìwà náà àti ẹni tí ń hù ú ní 419.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ India ṣáájú wa. Abala 420 ni ó wà fún ẹ̀tàn nínú ìwé òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wọn ní 1860. Àwọn ará ibẹ̀ sọ iye náà di orúkọ alárékérekè, títí tí a fi fi í sọ fíìmù kan lórúkọ ní 1955. Òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́ níbẹ̀ ní 2024, iye abala náà sì yí padà. Bákan náà ni ó rí lọ́dọ̀ wa: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ ní 2011, ẹ̀ṣẹ̀ yìí kò sì sí ní abala 419 mọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kú lẹ́nu ènìyàn.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní 1995, a ṣe òfin àkànṣe nípa gbígba owó ìṣáájú lọ́nà ẹ̀tàn. Ní 2003, a dá àjọ EFCC sílẹ̀. Òfin 2006 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún lélẹ̀, láìsí ààyè owó ìtanràn. Láàrin 1995 sí 1998, àwọn kan fi ìtàn pápákọ̀ òfurufú tí a fẹ́ kọ́ sí Abuja gba dọ́là mílíọ̀nù 242 láti ilé ìfowópamọ́ kan ní Brazil. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó rán ẹni tí ó ṣíwájú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ṣùgbọ́n bí òfin ti ń wúwo sí i ni orúkọ ń fúyẹ́ sí i. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn ọ̀dọ́ mú orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń lo lẹ́tà rẹ̀, wọ́n sì ń pe ìwà náà ní Yahoo. Ẹni tí wọ́n ń jẹ ti di “oníbàárà” lẹ́nu wọn, jíjẹ ẹ́ sì ti di “iṣẹ́”. Ẹ wá fi èyí wé tàn jẹ, rẹ́ jẹ àti yàn jẹ. Nínú 419, kò sí “jẹ”. Nínú Yahoo, kò sí opó, kò sí àlejò, kò sí alágbàṣe. A ti yọ ẹni tí a ṣẹ̀ kúrò nínú orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà; bí ó bá sì tún fara hàn, ẹ̀sín ni a ń fi kí i káàbọ̀.

VI. Ohun tí ó kàn wá

Àwọn kan nínú yín lè wí pé, “Àwa kì í kọ lẹ́tà sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá.” Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí abala 418 wí: ohun àná àti ti òní ni ó mẹ́nu kàn. Ìlérí ọ̀la kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé, “N ó san án lọ́jọ́ Ẹtì,” tí ó sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní í san án, ó lè bọ́ lọ́wọ́ abala yẹn. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọjà òun lábùkù tí ó sì dákẹ́, ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó tẹ ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú kí gàrí má baà kún un, bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí tí àwọn baba wa kò ní pè ní arẹ́nijẹ. Òfin ní odi, nítorí pé ó ń ṣọ́ra kí ó má baà fi ẹ̀wọ̀n jẹ aláìṣẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn kò ní irú odi bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé eré ni, kí ó rántí oṣù kejì ọdún 2025, nígbà tí àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, láti wá àwọn ayédèrú oògùn. Ìyá tí ó ra oògùn ibà fún ọmọ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹfun lásán ni ó gbé délé, ta ni yóò rẹ́rìn-ín sí i? Ta ni yóò ní ẹnu láti pè é ní mùgù lẹ́bàá ibùsùn ọmọ náà?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ jẹ́ kí á dá orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí padà sí bí ó ti rí. Bí ọmọ wa bá mú ohun tí a kò mọ orísun rẹ̀ wọlé, kí a má ṣe bi í pé, “Ṣé Yahoo ni?” bí ẹni ń béèrè irú iṣẹ́ òòjọ́ kan. Kí a bi í pé, “Ta ni o tàn jẹ?” Ìbéèrè yìí ní ojú ènìyàn nínú, kò sì rọrùn láti dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Èkejì, kí ìjọ má ṣe gba ọrẹ irú owó bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀ kí ó sì máa wàásù òtítọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a rántí Sákéù agbowó òde, ẹni tí kò kàn sunkún lórí ohun tí ó ti fi ẹ̀sùn èké gbà, ṣùgbọ́n tí ó ṣèlérí láti san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Sákéù mọ àwọn ẹni tí ó ti jẹ. Ó mọ ilé wọn, ó sì gbà láti padà lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò fi bá a. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa níbi tí a ti ń pe ohun gbogbo ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá sì tún ti Ìdúmọ̀tà dé pẹ̀lú òkúta nínú àpótí, kí a fún un ní àga, kí a bá a kẹ́dùn, kí a sì bá a wá ẹni tí ó jẹ ẹ́.